Abo Ògòǹgò Tó Ń Ti Pobẹ̀ Wá

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pa tẹlifísàn yẹn, kẹ́ ẹ sún mọ́bí. Mo mọ̀ pé irun mi kò tíì funfun. Èmi tí mò ń fọ́mọ lọ́mú lọ́wọ́ kò tíì tó ẹni tí ń fi "láyé ọjọ́un" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ayé mìíràn kì í pẹ́ kó tó di ayé ọjọ́un. Èyí tí mo fẹ́ sọ, ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀, àtìgbà tí wọ́n sì ti bọ́dà pa ló ti lọ.

Ìbùkún ló fà á. Ó ṣí ìwé rẹ̀ lánàá, ó fi àwòrán kan hàn mí. Ó ní, "Mọ́mì, tíṣà wa ní ẹyẹ yìí ló tóbi jù lọ láyé, àti pé àfi kéèyàn lọ sí ọgbà ẹranko kó tó lè rí i." Mo rẹ́rìn-ín, ni omi bá lé ròrò sí mi lójú. Ọgbà ẹranko kẹ̀? Ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ni mo ti mọ ògòǹgò. Mo mọ òórùn rẹ̀. Mo mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ oníka méjì ṣe máa ń tẹlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ gbọ́ ná, n óò ro fún yín.

Ní abúlé wa lẹ́bàá Ìjoún, bàbá bàbá mi gba darandaran kan sílé nígbà kan tí àìsàn dá a dúró lọ́nà. Òkè ọ̀hún lọ́hùn-ún ni ọkùnrin náà ti wá, níbi tí iyanrìn pọ̀ ju igi lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, kò ní nǹkan tó lè fi dúpẹ́ ju ọmọ ẹyẹ méjì tó gbé sínú agbọ̀n, akọ kan, abo kan. Àwọn ará abúlé ní tòlótòló ni. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, tòlótòló ti ga ju Bàbá Àgbà lọ, ó sì ń yọjú wo inú ilé láti ojú fèrèsé.

Nígbà tí Bàbá Àgbà fẹ́ kú, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Obìnrin ni àgbà, òun là ń pè ní Màmá Pobẹ̀, nítorí pé Pobẹ̀ ló ti rí ọkọ fẹ́, ìlú kan lápá ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sọ Faransé. Bàbá mi ni àbúrò, òun ló jókòó ti ilé. Bàbá Àgbà ní, "Akọ jẹ́ ti Àkànní. Abo jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà láìsí ẹnì kejì. Lọ́dọọdún, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, kí abo wá bá akọ. Bí wọ́n bá pamọ, ẹ pín in dọ́gba, kí abo padà. Ọdún tí abo kò bá wá, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ti di àlejò síra yín."

Ẹ ò rí ọgbọ́n àgbà? Ó mọ̀ pé bọ́dà ti fi ọmọ òun méjì sí orílẹ̀-èdè méjì. Ó wá fi ẹyẹ rán wọn pọ̀.

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ètè wa ń bó, akọ á wú ọrùn rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù, á sì ké: húùmù, húùmù, húúúùmù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní kìnnìún ló wọ̀lú. Láàárọ̀ kùtù ló máa ń ké e, a ó sì gbọ́ ọ dé oko. Àwọn obìnrin á máa sọ fúnra wọn pé, "Ọkọ ìyàwó ti ń pè é o." Lónìí, fóònù ló ń jí yín, ẹ tún máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu kó dákẹ́. Ta ló jẹ́ tẹ ògòǹgò lẹ́nu?

Ọjọ́ tí abo bá ń bọ̀, àwa ọmọdé kì í jẹun. Ẹnu bọ́dà la ó sá lọ dúró. Láti Pobẹ̀ títí dé ibẹ̀, ẹ̀yìn Màmá ni abo máa ń tẹ̀ lé, àgbàdo ọwọ́ Màmá ló ń wò. Ṣùgbọ́n ní bọ́dà, tí ọ̀kadà ti ń pariwo, tí àwọn èèyàn pọ̀, ẹ̀rù lè bà á. Níbẹ̀ ni Bàbá ti máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ògòǹgò ṣe lágbára tó, tó lè fi ẹsẹ̀ kan ta ènìyàn pa, bí kò bá ti ríran, á dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń fá lórí. Bàbá gé orí ìbọ̀sẹ̀ náà kí ẹnu ẹyẹ lè yọ síta. Ẹnì kan á di apá ọ̀tún mú, ẹnì kan á di tòsì, wọ́n á sì máa darí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Tèmi ni ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Dúdú ni, ó nípọn, Bàbá rà á fún mi nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdírì, ló bá gba ẹsẹ̀ kan padà. Tíṣà bi mí pé, "Ìbọ̀sẹ̀ rẹ kejì dà?"

Mo ní, "Ó wà lórí ẹyẹ, sà."

Ó nà mí. Lẹ́yìn tó nà mí tán ló wá bi mí pé, "Ẹyẹ wo?" Nígbà tó sì rí ẹyẹ náà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tó bẹ̀ wá wò, bíró àpò rẹ̀ ni ògòǹgò kọ́kọ́ yọ gbé mì.

Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ohun tí ẹyẹ náà kì í gbé mì. Òkúta, ìdérí ìgò, yẹtí. Lọ́dún kan, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mì lọ́jọ́ tó ku ọ̀la ká ṣe ìkórè. Bàbá Ìjọ dúró ti ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú igi gbọọrọ kan, ó ń retí. Kọ́kọ́rọ́ kò jáde. Abẹ́ igi máńgòrò la ti ṣe ìkórè lọ́dún náà, àwọn mùsùlùmí àdúgbò tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì sì jókòó tì wá, wọ́n bá wa jẹun, wọ́n bá wa jó. Títí dòní, àwọn àgbà ṣì máa ń pe ìyẹn ní ìkórè tó dùn jù.

Àwọn tí ń ṣọ́ bọ́dà nígbà náà mọ̀ wá. Bí wọ́n bá ti rí Màmá Pobẹ̀ lókèèrè pẹ̀lú ọrùn gígùn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín.

"Màmá, bọ̀njúù o! Ìyàwó ń lọ ilé ọkọ?"

"Ó ń lọ o, ọkọ mi."

"Ìwé ìrìnnà rẹ̀ dà?"

"Ó ti jẹ ẹ́!"

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé igi ojú ọ̀nà sókè bí ìgbà tí ọba ń kọjá.

Ẹyin àkọ́kọ́ tí abo bá yé kì í ṣe ti ẹnì kan. Bàbá á fi ìṣó lu ihò sí i, á da inú rẹ̀ sínú abọ́ ńlá, Màmá Pobẹ̀ á sì fi epo pupa àti àlùbọ́sà dín in. Ẹyin kan ṣoṣo! Gbogbo ọmọ àdúgbò ló máa jẹ ẹ́, ìyá arúgbó tí kò léyín náà á jẹ. Lónìí, ẹ̀ ń jẹ ẹyin méjì méjì láàárọ̀, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀ nínú àwo tirẹ̀. N kò ní kò dáa o. Mo kàn ní kò dùn tó bẹ́ẹ̀ ni.

Èyí tó kù, akọ àti abo á sàba lé e. Abo ní ọ̀sán, torí pé àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ilẹ̀. Akọ ní òru, torí pé dúdú ni òun. Màmá Pobẹ̀ á máa tọ́ka sí wọn, á máa sọ fún àwa ọmọbìnrin pé, "Ẹ wò ó dáadáa. Ọkùnrin tí kò bá lè gba ọmọ lọ́wọ́ yín lóru, ẹ má fẹ́ ẹ." Mo gba ìmọ̀ràn yẹn. Ẹ bi Dádì yín.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti bọ́dà pa.

Mo ti wà nílé ọkọ ní Ayétòrò nígbà náà. Oyún Ìbùkún ni mo ní, mo sì lọ bímọ sọ́dọ̀ Bàbá, nítorí pé Màmá Pobẹ̀ ló yẹ kó wá bá mi wẹ ọmọ. Ìyá tó bí mi ti kú. Ọwọ́ Màmá Pobẹ̀ ni gbogbo ọmọ tuntun ìdílé wa ti ń kọ́kọ́ mọ omi. Mo bímọ tán, Màmá kò lè wá. Lórí fóònù ló ti ń kọ́ mi.

"Ṣé o ń na ọwọ́ rẹ̀?"

"Mò ń nà án, Mà."

"Ṣé o ń gbọ̀n ọ́n sókè?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Mà."

"Áà, ìwọ ọmọ yìí! Gbé fóònù sí i létí, kí èmi fúnra mi bá a sọ̀rọ̀."

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Akọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, húùmù, húùmù, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Bàbá á dúró ti ọgbà ẹyẹ, á máa wo ọ̀nà. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, ìdajì ló máa ń kù. Bí ẹ bá rí àwọn èèyàn nígbà náà, wọ́n ń fi ìrẹsì sábẹ́ ìjókòó mọ́tò, àwọn kan tilẹ̀ dì í mọ́ ikùn bí aboyún. Ohun kékeré ń kọjá. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó ga ju ènìyàn lọ, abẹ́ aṣọ wo lẹ ó fi í pamọ́ sí? Wọ́n máa ń ní bí ẹyẹ bá ṣe fò la ṣe ń sọ̀kò rẹ̀. Èyí kò tiẹ̀ lè fò.

Mo gbọ́ tí Màmá ń bẹ Bàbá lórí fóònù. "Àkànní, jẹ́ kí ọdún yìí kọjá. Ẹyẹ ni. Kì í ṣe orí bàbá wa."

Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀. Àwa méjì péré la kù. Ọdún tí abo kò bá wá..."

Màmá ní, "Ó dáa. N óò mú un dé ẹnu bọ́dà. Ṣùgbọ́n má gba ojú igbó wá pàdé mi o."

"Èmi kì í ṣe fàyàwọ́," ni Bàbá wí. "Ojúmọ́ kedere ni n óò wá, n óò sì bẹ̀ wọ́n."

Ìbùkún, gbọ́ èyí dáadáa, nítorí èmi ni mo ṣe é. Ọyẹ́ ọdún náà le. Ẹsẹ̀ rẹ máa ń tutù bí omi kànga. Mo ti wá aṣọ tí n óò fi bò wọ́n tì, mo sì rí ìbọ̀sẹ̀ dúdú náà níbi tí Bàbá ń fi í kọ́ sí, ló bá dà bí ohun tí Ọlọ́run pèsè. Mo gé e sí méjì, mo rán an, mo fi wọ̀ ọ́. Mo ní n óò sọ fún Bàbá. N kò sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ tá a máa lọ mọ́, Bàbá pariwo láti inú iyàrá. "Ìbọ̀sẹ̀ ẹyẹ dà?"

Mo sáré mú ìbọ̀sẹ̀ funfun kan tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo gé orí rẹ̀, mo fà á sí ojú ara mi wò. Mo ń rí ìmọ́lẹ̀. Mo ń rí igi máńgòrò pàápàá. Mo ní, ojú ẹyẹ yàtọ̀ sí ojú èèyàn. Mo ní fún Bàbá pé èyí tó mọ́ ló yẹ ìyàwó. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà á.

A dé bọ́dà. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò gígùn sójú ọ̀nà kí ọ̀kadà má baà kọjá. Màmá Pobẹ̀ dúró lódì kejì, ó ti gbó ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ, abo sì dúró tì í bí ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tá a mọ̀ lára àwọn ẹ̀ṣọ́. Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún èyí tó dà bí ọ̀gá wọn.

Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ẹ dìde, ẹ dìde. Ọjà ni àbí kí ni?"

Bàbá ní, "Ìyàwó ni, ọ̀gá mi." Ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí darandaran títí dé orí ìpín.

Ẹ̀ṣọ́ náà wo ẹyẹ láti ẹsẹ̀ dé orí. Ó pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó dé orí. "Wọ́n ní ká má jẹ́ kí ẹrù kọjá," ló wí, "wọn ò sọ ti ìyàwó. Ẹ ṣe kíá. N óò yíjú sẹ́yìn, kí n lè sọ pé n kò rí i. Ṣùgbọ́n ta ni ò ní rí èyí?"

Wọ́n gbé pákó fífẹ̀ kan lé orí kòtò. Bàbá kọjá sọ́hùn-ún, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ bọ abo lórí, òun àti ọmọ ọkọ Màmá kan dì í mú lápá, wọ́n bọ́ sórí pákó. Ó rìn bó ṣe máa ń rìn. Wọ́n dé àárín. Ẹnì kan ṣíná sí ọ̀kadà rẹ̀, ó bú gbàù! Ẹyẹ tí kò bá ríran á kàn wárìrì ni. Èyí ríran. Mo rí i tó yí orí sí ibi tí ariwo ti wá, mo sì mọ̀ ní ìṣẹ́jú náà. Ó fò sókè, ó já mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì wọ kòtò. A gbọ́ ọ tó dá, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Ẹyẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dá báyẹn, kò sí ìwòsàn fún un, àfi ọ̀bẹ. Bàbá bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó nà án sí oòrùn, ó wò ó. Ó wò mí. Ó wá wo ẹsẹ̀ rẹ, Ìbùkún, tó ń fì lẹ́yìn mi nínú ìbọ̀sẹ̀ dúdú. Kò bú mi. Ì bá jẹ́ pé ó bú mi. Ó kàn ní, "Gbé ọmọ kúrò níbi ẹ̀jẹ̀."

Màmá di ọrùn abo mú títí tó fi tán. Ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, n kò mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tí wọ́n pín ẹran náà sí méjì, ìdajì sódì ìhín, ìdajì sódì ọ̀hún, àwọn èèyàn ń bọ̀ pẹ̀lú abọ́ láti ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí kòtò.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó parí. A ti di àlejò."

Màmá fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi lódì kejì kòtò. "Gbé e fún mi."

Mo tú ọ kúrò lẹ́yìn mi, mo gbé ọ lé e lọ́wọ́. Ó béèrè omi, ẹ̀ṣọ́ náà fúnra rẹ̀ ló gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu tiwọn wá. Màmá jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọ síbẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ. Ó fi ọwọ́ ra á, ó sì mọ̀ ọ́n. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Dìde, jàre. Ṣé kí ẹsẹ̀ ọmọ máa gbọ̀n kí orí ẹyẹ máa móoru ni?"

Ó wẹ̀ ọ́. Ó nà ọ́ lọ́wọ́, ó nà ọ́ lẹ́sẹ̀, ó gbọ̀n ọ́ sókè, o sì kígbe débi pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó ṣe tán, kò dá ọ padà. Ó gbé ọ sókè kí Bàbá lè rí ọ dáadáa.

"Àkànní, wò mí. Ta ló ní abo kò wá? Abo kọ́ nìyí? Tèmi ni ìdajì rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ẹ máa mú un wá fún mi. Ọdún tẹ́ ẹ bá kọ̀, ẹ̀yin lẹ sọ mí di àlejò o."

Ìgbà náà ni Bàbá tó sunkún.

Akọ ké títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Ó lo ọdún méjì sí i kó tó kú, kò sì ké mọ́. Ẹ̀gẹ́ la gbìn sí ọgbà rẹ̀ báyìí, ó sì ń ta dáadáa.

Wọ́n ti ṣí bọ́dà. Mo mú ọ lọ ní ọdún àkọ́kọ́, mo mú ọ lọ ní ọdún kejì. Lẹ́yìn náà, mo dúró. Mo ń sọ fún Màmá pé ọ̀nà kò dáa, pé owó ọkọ̀ wọ́n, pé o ń ṣe ìdánwò. Irọ́ ni. Ojú ń tì mí ni. Mi ò lè dé kòtò yẹn kí n má gbọ́ bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe dá. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó ti ilé-ìwé dé, fóònù dún. Ohùn Màmá ti fẹ́ẹ́rẹ́ gan-an. Kò kí mi, kò béèrè ará ilé. Ó ní, "Ẹ mú ìpín mi wá."

Nítorí náà, Ìbùkún, mú òòyà wá kí n di irun rẹ. Ọ̀la la máa lọ.